Pákó Ńlá Ni Kí Ọmọ Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ wa ń béèrè ohun tí àwa kò jẹ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wa. Ní ayé tiwa, bí ọmọ bá béèrè ohun tí òbí kò mọ̀, "Rárá" ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ sì tán. Lónìí, bí a bá dá ọmọ lóhùn bẹ́ẹ̀, yóò dákẹ́ lójú wa, yóò sì lọ ṣe é lẹ́yìn wa, níbi tí kò ní sí àgbà kan tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn òbí mìíràn ẹ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè wọ́n ní ará oko, wọn a kàn ní, "Máa lọ," láìbéèrè ohun kan. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó dára. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí èmi, ìyá àgbà tí kò lè lúwẹ̀ẹ́, ti wádìí eré orí omi kan fínnífínní kí n tó fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ọmọ mi ṣe é.

ÀWA ARÁ ILẸ̀ Ọ̀DÀN

Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣòwò iṣu láti ìgbà èwe mi. Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ ni a mọ̀. Odò Òfìkì ń bẹ ní agbègbè wa, ó sì ń ṣàn lọ bá odò Ògùn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi rẹ̀ a fà. Bí a bá fẹ́ rí omi tí ó tẹ́ lọ bíi pápá, àfi kí a lọ sí dáàmù Ìkéré ní apá Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn. Àwọn apẹja ni wọ́n ń wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ní tiwa, omi tí a mọ̀ ni èyí tí a ń pọn, tí a fi ń sè, tí a fi ń wẹ̀. A kì í fi omi ńlá ṣeré.

Ẹ̀rù omi náà sì ní ìdí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan dànù ní agbègbè Pàtígì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara tí í ṣe aládùúgbò wa. Àwọn tí wọ́n ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ìròyìn sọ pé èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Ènìyàn tí ó lé ní 100 ni wọ́n kú. Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi gbọnin nígbà tí mo wọ bàálù ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí mo lọ bá ọmọbìnrin mi wẹ ọmọ ní ìlú Houston, ní Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà.

Mi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ tí àkọ́bí rẹ̀, ọmọkùnrin ọlọ́dún 12, fi wá jókòó tì mí. Ó ní, "Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ mọ́mì." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ṣeré lórí adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Lake Conroe, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lọ. Ọmọ mi náà wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Màámi, ẹ kàn bá mi sọ fún un pé rárá. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, yóò gbà." Ìyá ń fẹ́ kí n sọ pé rárá, ọmọ ń fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé mi ò ní dáhùn títí n ó fi mọ ohun tí wọ́n ń bi mí.

KÍ NI ERÉ NÁÀ?

Wakesurfing ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ ti rí i pé bí ọkọ̀ ojú omi bá ń lọ, yóò máa fi ìgbì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe eré yìí yóò gbé ẹsẹ̀ lé pákó kan, yóò di okùn mú, ọkọ̀ yóò sì fà á dìde. Bí ó bá ti dúró dáadáa tí ìgbì sì ti gbé e, yóò ju okùn sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìgbì nìkan ni yóò máa tì í lọ lẹ́yìn ọkọ̀, nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti àwọn inú ọkọ̀ lè máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ni gígun ìgbì. Ará Jámánì kan, Michael Hemmersam, tí ó wà ní Gold Coast, ilẹ̀ Ghana òde òní, ní àwọn ọdún 1640, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí níbẹ̀ a máa so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọn a sì jù wọ́n sínú omi kí wọ́n lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, òyìnbó mìíràn rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n sì ń gun ìgbì òkun bọ̀ ní etí òkun. Ní Èkó wa níhìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ ń gun ìgbì òkun ní Tarkwa Bay. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ti Texas ni pé ìgbì kò sí lórí adágún wọn. Odò ni wọ́n sé ní ọdún 1973 tí ó fi di Lake Conroe, bí wọ́n ti sé odò Ògùn ní Ìkéré. Omi rẹ̀ dákẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ ni yóò dá ìgbì sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ̀yin ará: bí ọkọ̀ kò bá jẹ́ irú èyí tí ó yẹ, tí wọn kò sì tò ó bí ó ti yẹ, ọmọ ti wà nínú ewu kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan omi.

ÈKÍNÍ: NÍBO NI ABẸ RẸ̀ WÀ?

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ lò jẹ́ ti ọ̀rẹ́ àna mi kan. Ẹni rere ni, ó sì ní ọkọ̀ tí ó dára lójú. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan wà nínú ìjọ wọn, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí ó dàgbà sí etí ọ̀sà, tí ó sì ti ń ṣe eré yìí fún ọdún púpọ̀. Òun ni mo ń bi léèrè nítorí pé a gbọ́ èdè ara wa. Ó sọ fún mi pé, "Mọ́mì, kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí purọ́pẹ́là wà."

Purọ́pẹ́là ni abẹ irin tí ń yí bíi fáànù lábẹ́ omi tí ó sì ń ti ọkọ̀ lọ. Lára ọkọ̀ tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ nídìí, irú èyí tí ó pọ̀ ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ odò wa, abẹ náà wà ní ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ọmọ tí ń ṣeré yìí yóò wà gẹ́lẹ́. Bí ó bá ṣubú síwájú, orí abẹ ni. Ọkọ̀ tí a ṣe fún eré yìí ní ẹ́ńjìnnì nínú, abẹ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀, tí ó jìnnà sí ìdí. Láti ọdún 2015, ilé iṣẹ́ Volvo Penta tún ń ṣe irú kan tí abẹ rẹ̀ kọjú síwájú lábẹ́ ọkọ̀. Yàtọ̀ sí irú méjì wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun ìgbì lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo ọkọ̀ ọ̀rẹ́ àna mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí, abẹ rẹ̀ sì hàn gbangba. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má mikàn, n ó rọra wà á." Ọmọ mi ń wò mí, kò fẹ́ kí ojú ti ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ó rọra wà á. Ṣùgbọ́n abẹ kì í mọ ẹni tí ń rọra." Ó bínú díẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó tún yà sílé. Nígbà tí ó dé, mo fi iyán àti ẹ̀fọ́ ṣe é lálejò, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ọ̀sẹ̀ méjì sàn ju ẹkún ọjọ́ ayé lọ.

ÈKEJÌ: ẸRÙ INÚ ỌKỌ̀

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí ní òun yóò wá ọkọ̀ tí ó yẹ, ó sì rí i lọ́wọ́ ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ náà, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí wọ́n ti ń to iṣu sínú ọkọ̀ ẹrù ní Àgọ́-Àrẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Bí ẹrù bá wúwo jù lápá kan, ọkọ̀ á tẹ̀, kò sì ní dé Ìbàdàn láyọ̀. Nínú ọkọ̀ eré yìí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ di ẹrù sí ẹ̀yìn àti sí apá kan ni. Omi ni ẹrù náà. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fa omi adágún sínú àwọn táǹkì àti àpò rọ́bà tí ó wà nínú ọkọ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Bí ẹ bá ro kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ogójì rẹ̀ jẹ́ 1,000 kílò, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ mìíràn a máa gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rì sínú omi tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì rẹ̀ yóò ṣe ga tó. Láti nǹkan bí ọdún 2012, wọ́n ti ń fi irin pẹlẹbẹ sí ìdí àwọn ọkọ̀ tuntun kan, èyí tí ń darí omi kí ìgbì lè dára láìjẹ́ pé ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Apá wo ni wọn ó di ẹrù sí? Ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò sọ ọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní kí ọmọ náà dúró, ó sì rọra tì í láti ẹ̀yìn láìsọ fún un. Ẹsẹ̀ òsì ni ó kọ́kọ́ gbé síwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wà níwájú, apá òsì ọkọ̀ ni wọ́n ń to ìgbì sí fún un, kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ìgbì. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ṣáájú, apá ọ̀tún ni tirẹ̀.

Mo wá béèrè pé, "Ṣé kò ní rì?" Ó fi ibi tí wọ́n kọ iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé sí hàn mí lára ọkọ̀ náà. Ó ní ènìyàn pẹ̀lú jẹ́ ẹrù. Bí ènìyàn bá pọ̀, kí wọ́n dín omi kù. Ó tún ní ọmọ tí ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ìgbì gíga, ìgbì tí ó mọ níwọ̀n tí ó sì gùn ni ó dára fún un. Nítorí náà wọn kò kún táǹkì dé ẹnu. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o: ẹrù tí ń dá ìgbì sílẹ̀ fún eré, òun náà ni ẹrù tí ń mú ọkọ̀ rì bí ó bá kọjá ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ fi ọmọ sí lọ́wọ́.

ẸKẸTA: PÁKÓ

Pákó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ náà ti rí pákó kékeré kan, tín-ín-rín, tí ó ń dán, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe fi ń pòyì lórí ìgbì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ gbé pákó mìíràn fún un: ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ó fẹ̀, ó nípọn, fóòmù sì wà lójú rẹ̀ kí ó má bàa ṣe é léṣe bí ó bá gbá a. Ọmọ fajú ro. Ó ní wọn ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé pákó ọmọdé ni òun gùn.

Ìdí tí pákó ńlá fi dára fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹ bá fẹ́ gba orí ẹrẹ̀ kọjá, ṣé igi tín-ín-rín ni ẹ ó tẹ́ ni, tàbí pákó fífẹ̀? Pákó fífẹ̀ ni yóò gbé yín. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lórí omi. Pákó tí ó gùn tí ó sì nípọn yára léfòó, kò fẹ́ eré púpọ̀ kí ó tó gbé ènìyàn, kò sì tètè yí. Wọ́n a máa kọ ìwọ̀n kílò ẹni tí pákó kọ̀ọ̀kan lè gbé sílẹ̀. Ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá bọ́ sí àárín méjì, kí ó mú èyí tí ó tóbi.

Ẹ yí pákó náà padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí lẹbẹ lábẹ́ rẹ̀, bíi ti ẹja tí a ń kà nínú ìwé Léfítíkù. Lẹbẹ ńlá máa ń jẹ́ kí pákó lọ tààrà. Àwọn pákó tín-ín-rín ìwọ̀nyẹn, lẹbẹ wọn kéré, kí wọ́n lè máa yí kiri. Ohun tí ó mú kí wọ́n dára lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń gbé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣubú.

Mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Bí o bá gun kékeré tí o sì ń ṣubú láti àárọ̀ di alẹ́, ṣé wọn kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?" Ó dákẹ́. Mo ní, "Bí o bá dúró lórí èyí tí ó tóbi ńkọ́, ta ni yóò wọn gígùn rẹ̀?" Ó gbé e.

ẸKẸRIN: OKÙN, ERÉ ỌKỌ̀ ÀTI ÈÉFÍN

Okùn rẹ̀ kò gùn, kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Ó nípọn, kò sì ní ojóbó tí apá lè há sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wé e mọ́ ọwọ́. Eré ọkọ̀ náà jẹ́ máìlì 10 sí 12 ní wákàtí kan, kò yá ju kẹ̀kẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń gùn lọ. Ẹnìkan ń wà á, ẹnìkejì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó kọjú sẹ́yìn, kí ó máa wo ọmọ. Wọ́n lọ sí ibi tí omi ti jìn dáadáa, tí ó sì ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí etí omi, kí ọmọ má bàa ṣubú lé ilẹ̀, kí ìgbì má sì ba ohun ìní àwọn ẹlòmíràn jẹ́.

Èéfín wá ńkọ́? Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa ìdílé tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sùn, tí wọn kò sì jí mọ́. Irú èéfín tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó pa wọ́n, òun náà ni ó ń jáde ní ìdí ọkọ̀ yìí. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ọmọ kankan má ṣe jókòó sórí àtẹ̀gùn ìdí ọkọ̀, kí ó má sì rọ̀ mọ́ ọn nínú omi. Bí ọmọ bá fẹ́ gòkè, kí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Mo béèrè èyí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbéra.

ÀDÚRÀ ÀTI Ẹ̀WÙ

Òfin Texas sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, nínú ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 bí ó bá ti ń lọ. Ní ilé wa náà, àwọn aláṣẹ ojú omi ń kìlọ̀ pé kí gbogbo èrò wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ tí onígbàgbọ́ ń sọ pé, "A ti gbàdúrà, kò séwu." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27. Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Pọ́ọ̀lù pé ẹ̀mí ẹnìkan kò ní ṣòfò nínú àwọn 276 tí wọ́n wà nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ fọ́, àwọn tí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́ lúwẹ̀ẹ́, àwọn ìyókù sì di pákó mú. Ìlérí wà, pákó náà sì wà. Èmi tí mo kàn jókòó sínú ọkọ̀ ní Lake Conroe, mo wọ ẹ̀wù mi, mo sì so gbogbo okùn rẹ̀.

Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sẹ́yìn nínú omi, ó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì lé pákó, ó di okùn mú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń ké sí i pé kí ó má fa ara rẹ̀ sókè, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ fà á. Ó ṣubú. Ó tún ṣubú. Ó ṣubú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀wù yẹn sì ń gbé e léfòó nígbà gbogbo, a ó yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ bá a. Ní ẹ̀kẹfà, ó dìde, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, pákó ńlá yẹn sì dúró lábẹ́ rẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ju okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbì sì tì í fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi ka oókan dé ẹẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni kò wọn gígùn pákó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mi ò ní kí ẹ gbé ọmọ lọ sí Ìkéré tàbí sí ọ̀sà Èkó láti lọ gun ìgbì lẹ́yìn ọkọ̀ tí abẹ rẹ̀ wà nídìí. Rárá o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọ̀nyí wúlò fún gbogbo ọkọ̀ tí ọmọ yín bá fẹ́ wọ̀: Níbo ni abẹ rẹ̀ wà? Mélòó ni ọkọ̀ yìí lè gbé, mélòó ni ó sì wà nínú rẹ̀? Níbo ni èéfín ń gbà jáde? Ẹ̀wù mi dà? Ta ni ń ṣọ́ ọmọ? Bí ẹ bá sì rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tí a fún ní pákó ńlá lónìí yóò gun kékeré lọ́jọ́ iwájú, òbí tí ó sì fara balẹ̀ béèrè ni ọmọ yóò tún wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí fún wa, yóò sì fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ wọn. Àmín.